Ẹnu Ọ̀sà Èkó: Ìtàn Ṣóńṣó Iyanrìn tí Ó Di Ẹnubodè

Ní ayé àtijọ́, ìlú ńlá tí ó bá ní odi ní láti ní ẹnubodè. Níbẹ̀ ni oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ èrò, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ti ń ṣọ́nà, níbẹ̀ náà sì ni ìròyìn rere àti ìròyìn búburú ti ń kọ́kọ́ dé. Èkó kò ní odi bí ti Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta, nítorí omi ni ó yí i ká. Síbẹ̀ ó ní ẹnubodè méjì tí ìtàn kò lè gbàgbé. Èyí tí ó wà lórí ilẹ̀ jìnnà sí i púpọ̀: Òrè ni, ní agbègbè Odígbó, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Òndó lọ sí Òkìtìpupa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bìáfírà gba ilẹ̀ Bìní kọjá tí wọ́n sì dojú kọ Èkó, Òrè ni ìrìn wọn pin sí. Títí di òní, bí nǹkan bá le kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn a ní, "Ó le kú, ìjà Òrè!" Ẹnubodè kejì ni ti òkun, èyíinì ni ẹnu ọ̀sà, níbi tí ṣóńṣó ilẹ̀ iyanrìn méjì ti kojú ara wọn, tí omi ọ̀sà sì ń gba àárín wọn tú sínú agbami. Òkìkí ìjà Òrè kàn ju ti ẹnu ọ̀sà lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀sà pẹ́ jù ú, kò sì tí ì parí.

Kí ìtàn náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ti rí. Láti Àgbádárìgì dé Èkó, etíkun nà gbọọrọ bí okùn. Kò sí àpáta níbẹ̀, kò sì sí òkè tí ó yọ orí sínú òkun. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn iyanrìn yìí ni ọ̀sà wà, tí odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń tú omi sí, ẹnu ọ̀sà Èkó sì ni omi púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá jáde. Ìgbì òkun ní tirẹ̀ kì í kọlu etíkun yìí tààrà. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń wá, ó sì ń kọlu ilẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́. Nítorí náà ó ń gbá iyanrìn lọ díẹ̀díẹ̀, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, lọ́sàn-án àti lóru, láti ọdún dé ọdún. Bí iyanrìn tí ó ń rìn yìí bá dé ẹnu ọ̀sà, omi tí ń jáde a tì í síta, ìgbì a tì í padà sílé. Níbi tí agbára méjèèjì ti pàdé ni iyanrìn ń rì sí. Òkìtì ńlá tí ó fi bẹ́ẹ̀ dìde lábẹ́ omi ni ó dà bí ilẹ̀kùn fún Èkó. Kò dúró lójú kan, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà lórí rẹ̀ sì ń yí padà. Ohun tí ó jìn lónìí lè di ohun tí ọkọ̀ ń fi ìdí gbá lọ́la.

Àwọn Àwórì àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé Èkó mọ ìwà omi yìí, ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sì fúyẹ́ tó láti fò ó. Àlejò ni ó ni lára. Ní ọdún 1472 ni Rui de Sequeira, ará Potogí, wá sí etíkun yìí, láti èdè àwọn ará Potogí náà sì ni orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe Èkó ti wá. Nígbà tí òwò ẹrú wá gbèrú ní Èkó, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọkọ̀ ńlá olówò ẹrú ní láti dúró sójú agbami. Ọkọ̀ kékeré ni ó ń kó àwọn ènìyàn tí a dè mọ́lẹ̀ gba orí òkìtì iyanrìn náà kọjá lọ bá wọn. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lọ sí Brazil àti Cuba, ìlà iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ilẹ̀ baba wọn tí ojú wọn rí kẹ́yìn.

Ọdún 1851 ni agbára iyanrìn yìí hàn gbangba lójú ogun. Kòsọ́kọ́ ti gba oyè lọ́wọ́ Akítóyè ní 1845, Akítóyè sì ti lọ bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wẹ̀, ó ṣe ìlérí pé òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú bí òun bá padà sórí oyè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún fẹ́ ojú ọ̀nà fún òwò tiwọn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ elééfín kékeré kan tí ń jẹ́ Bloodhound àti àwọn ọkọ̀ àtukọ̀ mìíràn. Àwọn ará Èkó dá wọn padà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá wọ́n tún dé, Bloodhound ṣíwájú, ọkọ̀ elééfín mìíràn tí ń jẹ́ Teazer tẹ̀ lé e. Penelope, tí ó jẹ́ ọkọ̀ ogun ńlá, kò lè wọlé rárá. Ìta ni ó dúró sí bí àlejò tí a ti ilẹ̀kùn mọ́. Àwọn kékeré tí ó tilẹ̀ wọlé fi ìdí gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì ń yìnbọn lù wọ́n láti etí omi. Ó di ọjọ́ kẹta kí Kòsọ́kọ́ tó fi ìlú sílẹ̀, tí ó sì wá ibi ìsádi lọ. Ẹ̀pẹ́ ni ó padà tẹ̀dó sí. Àwọn ará Èkó pe ogun náà ní Ogun Ahóyaya, àwọn mìíràn sì pè é ní Àgídìngbì nítorí ìró àgbá tí ń dún. Àgbá ni ó ṣẹ́gun Kòsọ́kọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn jà fún un débi tí ó lè jà dé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú fọwọ́ sí èyí tí ó sọ Èkó di ti ọba wọn, lábẹ́ ojú ọkọ̀ ogun Prometheus tí ó ti wọ inú ọ̀sà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Iyanrìn tí ó jẹ́ odi fún Èkó di ọ̀tá fún àwọn tí wọ́n gba Èkó. Ojú ibi tí ó jìn jù lórí òkìtì náà kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ elééfín tí ń ti Liverpool bọ̀ ń tóbi sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí ó yá, Forcados, tí ó wà ní ẹnu odò ní ìhà ìlà-oòrùn, ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń lọ. Níbẹ̀ ni a ti ń kó ẹrù àti èrò sínú àwọn ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé wọn padà wá sí Èkó. Ẹrù kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ gba owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìgbì bá sì le, ọjọ́ lè gorí ọjọ́ kí ọkọ̀ kékeré pàápàá tó rí ọ̀nà wọlé.

Ìnira yìí kò mọ sí Èkó nìkan. Ní àwọn ọdún 1860 àti 1870, nígbà tí ogun àti àìgbọ́ra-ẹni-yé ń mú kí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà wọn mọ́ àwọn olówò, Gómìnà Glover wá ọ̀nà mìíràn sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ ni èrò yóò kọ́kọ́ wọ̀ lójú ọ̀sà láti Èkó dé Atijẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀, wọn yóò la igbó kìjikìji tí Odígbó àti Òrè wà nínú rẹ̀ kọjá, kí wọ́n tó yọ sí Òndó, kí wọ́n sì tó máa lọ sí Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ọ̀nà Òndó ni a ń pè é. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn gba ibẹ̀ wọlé. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ gba ibẹ̀ jáde. Alárùú tí ó ru agbọ̀n ẹ̀kùrọ́ nínú igbó náà lè má rí òkun títí yóò fi kú. Síbẹ̀, iye tí a ó san lórí ẹrù rẹ̀ kò dá lórí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Òkìtì iyanrìn kan tí ó wà lábẹ́ omi lọ́nà jíjìn ti bu tirẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọjà òkèèrè. Bí oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ èrò, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọ̀sà ṣe gba owó lọ́wọ́ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Relúwéè ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Ní 1896 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní 1901 ni ó sì dé Ìbàdàn. Ìsìnkú owó ni bí irin bá ń kó ẹrù wá sí etí ọ̀sà tí ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé wá gbé e. Láti 1892 ni ilé iṣẹ́ Coode, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ará Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìjọba nímọ̀ràn nípa ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ba ìjọba lẹ́rù. Ní ìgbà Gómìnà Walter Egerton ni wọ́n tó dáwọ́ lé e. Ní 1907, ọkọ̀ ńlá kan tí ń họ iyanrìn nísàlẹ̀ omi dé, Egerton ni a sì sọ ọ́. Ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun ní ìhà ìlà-oòrùn ẹnu ọ̀sà. Ìhà ìwọ̀-oòrùn tẹ̀ lé e. Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà, relúwéè sì ń kó o wá. Báyìí ni ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣe fún etíkun Èkó ní àpáta tí Ẹlẹ́dàá kò fi síbẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú iṣẹ́ náà kò le. Bí a bá fi ògiri méjì há omi ọ̀sà mọ́, yóò jáde pẹ̀lú agbára, yóò sì máa fi agbára náà gbá ẹnu ara rẹ̀ mọ́. Ògiri ìwọ̀-oòrùn yóò sì dá iyanrìn tí ń rìn bọ̀ dúró kí ó má baà dé ojú ọ̀nà. Bí wọ́n ti wí ni ó rí. Ní 1914, àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń kó lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkó tààrà. Ọdún yẹn gan-an ni a so ìhà gúúsù àti ìhà àríwá Nàìjíríà pọ̀. Àpápá di èbúté ńlá, Forcados sì pàdánù ògo tí ẹnu ọ̀sà Èkó ti fún un. Lẹ́yìn náà, tí ọ̀nà mọ́tò ti la igbó Odígbó, kòkó àti igi gẹdú láti agbègbè náà rí ọ̀nà dé Àpápá láìsí pé wọ́n gun ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rí òkun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka èrè ẹnu ọ̀sà tuntun yìí ní láti ka èyí mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka èrè gbọ́dọ̀ ka gbèsè pẹ̀lú. Gbèsè àkọ́kọ́ hàn kíákíá, òun ni ti ilẹ̀. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ ìdílé Olúwa ni, ọ̀kan nínú àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó. Ìjọba sọ pé ẹ̀tọ́ olóyè náà kò ju pé kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, àti pé owó kékeré ni ó tọ́ sí i. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní 1920 ni ó lọ síbẹ̀, Herbert Macaulay sì bá a lọ, ó mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí dání. Ní 1921, ìgbìmọ̀ náà dá a láre: ilẹ̀ náà jẹ́ ti gbogbo ẹbí àti ará ìlú ní kíkún, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó iye tí ilẹ̀ tó. Ìdájọ́ yìí di òpómúléró nínú òfin ilẹ̀ káàkiri Áfíríkà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ìdí tí ó fi ṣeé ṣe ni pé gbèsè ilẹ̀ ní ẹni tí ó ni ín, olúwa rẹ̀ sì lè dìde kí ó bèèrè.

Gbèsè kejì kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì wúwo jù. Iyanrìn tí ògiri ìwọ̀-oòrùn dá dúró ni ó ti ń bọ́ etíkun ìlà-oòrùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òkun ń bu díẹ̀ lọ, ó sì ń kó díẹ̀ wá dípò rẹ̀. Nígbà tí a dí ọ̀nà èyí tí ń bọ̀, èyí tí ń lọ kò dúró. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, iyanrìn kó jọ, ilẹ̀ ń gbòòrò. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ní etíkun ilẹ̀ àwọn Oníru tí a wá mọ̀ sí Bar Beach, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Nítòsí ògiri ìlà-oòrùn, ohun tí ó jẹ kọjá kìlómítà kan kí ọ̀rúndún ogún tó parí. Ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míì: ìlànà kan náà tí ó la ẹnu ọ̀sà ni ó ń pa etíkun.

Kí wọ́n tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó, ilẹ̀ tí òkun ń bọ̀ wá jẹ ti di olówó iyebíye. A ti ro ẹrọ̀fọ̀ Victoria Island, a sì ti kọ́ ilé, ilé ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì sórí rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 títí di àwọn ọdún 1990, ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn ń fa iyanrìn láti inú omi dà sí Bar Beach. Ní ọdún díẹ̀ sí i, òkun a sì gbé e lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe nìyẹn. Ní àwọn ọdún 2005 àti 2006, omi òkun ya dé ojú ọ̀nà Ahmadu Bello. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ru bo etíkun Kúrámò, ó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé inú ahéré onípákó níbẹ̀. Nígbà náà, iṣẹ́ ìlú tuntun tí a pè ní Eko Atlantic ti bẹ̀rẹ̀: ògiri òkúta gígùn nínú òkun, tí a sì ń fi iyanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀, lórí ibi tí òkun ti jẹ ilẹ̀. Bar Beach tí àwọn ará Èkó ń lọ ṣeré lọ́jọ́ ọdún ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ògiri náà dáàbò bo Victoria Island ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, àwọn ará Òkun Alfa ń ké gbàjarè pé òkun ń jẹ ilé wọn. A ti sún ibi tí ebi ń pa òkun síwájú. A kò bọ́ ọ yó.

Kí ni ìtàn yìí wá kọ́ni? Kò kọ́ni pé ó yẹ kí Èkó máa wà pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì àti ẹrù tí ń dúró de omi. Ohun tí ó kọ́ni ni pé iyanrìn tí ń rìn létíkun dà bí odò tí ń ṣàn: ẹni tí ó bá dí i lókè gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tí ń pọn ọ́n nísàlẹ̀. Ní 1908, kò sí ẹni tí ó jókòó pẹ̀lú àwọn ará etíkun ìlà-oòrùn láti ṣírò ohun tí yóò ná wọn. Ìdílé Olúwa rí ilé ẹjọ́ gbà, nítorí a lè tọ́ka sí ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ wọn àti ọjọ́ tí a gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkun jẹ ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ta ni yóò pè lẹ́jọ́?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí Òrè àti Odígbó. Èbúté tuntun ti ṣí ní Lẹ́kí ní oṣù kìíní ọdún 2023, òun náà ní ògiri òkúta tirẹ̀ nínú òkun. Ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èbúté omi jíjìn létíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Bí ó bá di òótọ́, agbègbè Òrè wà lára ibi tí ẹrù rẹ̀ yóò máa gbà, èrè rẹ̀ yóò sì kan oko àti ọjà ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Òndó ti kàn wọ́n nígbà kan. Ṣùgbọ́n etíkun Ìlàjẹ kò ní iyanrìn bíi ti Èkó. Ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì rọ̀. Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947 tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nígbà kan nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbé ayé àjùmọ̀ní, ti pàdánù ilé lọ́pọ̀lọpọ̀ fún òkun láìsí ògiri èbúté kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ara rẹ̀ ti ń ṣàìsàn báyìí kò lè ru gbèsè ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí òkúta àkọ́kọ́ tó wọ omi níbikíbi létíkun yìí, ó yẹ kí a kó ìwé ìṣirò méjì wá sójú táyé: ti èrè àwọn tí ẹrù wọn yóò kọjá, àti ti àwọn tí ń gbé ìhà ìlà-oòrùn. Oníbodè àtijọ́ ń gba owó lọ́wọ́ èrò, ó sì ń jíhìn fún ọba. Ẹnu ọ̀sà Èkó ti ń gba tirẹ̀ láti ọdún 1908, ilé àti ilẹ̀ ni ó sì fi ń gbà á, lọ́wọ́ àwọn tí kò kó ẹrù kankan gba ibẹ̀ kọjá.